Omi Oníyọ̀ àti Ṣúgà: Owó Rẹ̀ Kéré, Ìwọ̀n Rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Pé

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọdé, oògùn tí yóò dá ìgbẹ́ náà dúró ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ máa ń wá. Àwọn mìíràn a sọ pé eyín ló ń hù, wọn a sì máa wo ọmọ náà títí ojú rẹ̀ yóò fi jìn wọnú. Àmọ́, omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde lára ló sábà máa ń ṣekú pa ọmọ. Ohun tó lè dí àlàfo náà wà nínú ilé ìdáná wa, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kìkì ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ni ìwọ̀n rẹ̀.

Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1960, ní ìlú Prague, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Robert Crane ṣàlàyé pé ṣe ni glucose tó wà nínú ṣúgà àti sodium tó wà nínú iyọ̀ jọ máa ń gba ara ìfun wọlé. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, kì í ṣe torí adùn la ṣe ń fi ṣúgà sí i.

Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sá wá sí Bangaon, ní Íńdíà. Omi tí wọ́n ń fà sí àwọn aláìsàn lára kò tó. Dókítà Dilip Mahalanabis wá ní kí wọ́n máa fún wọn ní irú omi yìí mu. Iye àwọn tó ń kú nínú 100 aláìsàn já wálẹ̀ láti nǹkan bí 30 sí èyí tí kò tó 4.

Bí A Ṣe Ń Pò Ó

• Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ife àti ṣíbí.
• Ẹ wọn lítà 1 omi mímọ́ tí a ti sè tó sì ti tutù. Ike omi 50 cl méjì ni lítà 1.
• Ẹ bu ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì kan sí i. Kí ṣíbí náà kún dọ́gba, kó má ṣe rí gongo.
• Ẹ rò ó títí yóò fi yòrò, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù.

Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ náà á le sí i. Ìdí nìyẹn tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò fi lè rọ́pò rẹ̀.

Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní mílílítà 50 sí 100, kí ẹ sì fún ọmọ ọdún 2 sí 10 ní 100 sí 200. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe dáwọ́ ọmú àti oúnjẹ dúró. Ẹ da èyí tó bá ti pé wákàtí 24 nù.

Bí ORS inú ọ̀rá bá wà, òun ni kí ẹ lò, torí ó ní potassium tí àpòpọ̀ ilé kò ní. Ní ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF dámọ̀ràn pé ká fi zinc kún ìtọ́jú náà fún ọjọ́ 10 sí 14: miligíráàmù 20 lójúmọ́, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ kò bá lè mu omi, bó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò fẹ́ jí, tàbí bí kò bá tọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ máa fún un mu lójú ọ̀nà bó bá lè mu ún.

A rọ àwọn àlùfáà àti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé kí wọ́n fi ṣíbí, iyọ̀ àti ṣúgà hàn lójú ìjọ. Ohun tí ìyá bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n lónìí, kò ní ṣì í wọ̀n lóru ọjọ́ tí àìsàn bá dé.