Nígbà Tí Wọ́n Pa Ilé Lẹ́tà Wa Dà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni Yahoo bẹ̀rẹ̀ íméèlì ọ̀fẹ́. Fún púpọ̀ nínú àwa ará Peckham, òun ló rọ́pò lẹ́tà tí bàálù ń gbé lọ sílé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n pa ti àtijọ́ tì: ẹni tí kò bá fẹ́ tuntun, kó kó lẹ́tà rẹ̀ jáde. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n tún un tò, wọ́n yọ táàbù tí a fi ń ṣí lẹ́tà púpọ̀ papọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn. Àwa oníṣirò owó mọ ìdí rẹ̀. Ìwé méjì là ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ni lẹ́tà inú rẹ̀? Àwọn àgbà wa tún jókòó ti ọmọ-ọmọ, wọ́n ń bèèrè ibi tí lẹ́tà ará ilé wọlé sí.