Odindi ìwé

Odindi ni Yorùbá ń pe ohun tí a kò tíì gé, tí a kò tíì là, ì báà jẹ́ iṣu, obì tàbí adìyẹ, bó ti wù kó kéré tó. Òun náà ni ọ̀rọ̀ tó bá ìwé tí a kò gé kúrú mu jù lọ. «Texte intégral» ni àwọn òǹtẹ̀wé Faransé máa ń kọ sára irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì lè fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí àlàyé ṣe kún tó ni ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ń sọ. Odindi kò bìkítà bóyá ìwé gùn. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan kan kúrò nínú ohun tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀. Àlọ́ ojú ìwé mẹ́ta lè jẹ́ odindi, kí ìwé ràbàtà sì jẹ́ àgékúrú.

Àgékúrú yàtọ̀ sí àyọkà. Doguicimi, ìtàn ìgbà ọba Gezo ti Dàhòmì tí Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, tẹ̀ jáde ní 1938, lé ní 500 ojú ìwé. Bí olùkọ́ bá mú ogún ojú ìwé nínú rẹ̀, àyọkà ni: gbogbo ayé mọ̀ pé ó kù. Àgékúrú ló léwu, torí ẹni tó gé e ti rán ojú ọgbẹ́ pọ̀, òǹkàwé kò sì rí àpá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ odindi sára ìwé. Odindi kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pípé: ìwé Ròmù tí Àjàyí Crowther tẹ̀ ní 1850 jẹ́ odindi, bẹ́ẹ̀ Bíbélì Yorùbá kò pé títí di 1884.

Wọ́n lè ní ìwé atúmọ̀ èdè wá ńkọ́, nígbà tí kò sí èyí tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ìwé tó ṣáájú ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Petit Robert ti 1967 jẹ́ àgékúrú nítorí pé inú ìwé Paul Robert alápá mẹ́fà ni a ti gé e. Webster ti Amẹ́ríkà, ti 1961, ń jẹ́ odindi nítorí pé a kò gé e lára èyí tó tóbi jù ú lọ. Àtakò tó le jù ni ti ohùn ẹnu: babaláwo méjì kì í sábà ki ẹsẹ Ifá kan lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́, níbo wá ni odindi wà? Nínú kíkì ọjọ́ náà ni. Ẹni tó bá kọ gbogbo ohun tí babaláwo kì lọ́jọ́ náà sílẹ̀ láìfo ìlà kan ti kọ odindi, bí Ifá kò tilẹ̀ tán síbẹ̀.