Àrùn ojú àgbà àti ikú láàárín àwọn arúgbó

Àrùn ojú àgbà ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn àìsàn ojú tí ó máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń ga. Lára wọn ni kataráàtì, tí ó ń mú kí awò inú ojú ṣú. Gilokóòmà, tí ó ń ba iṣan tí ó gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora. Àti ìbàjẹ́ àárín awọ ẹ̀yìn ojú. Ìwádìí ti fi hàn pé ewu ikú ga láàárín àwọn àgbàlagbà tí kò ríran dáadáa ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ojú wọn mọ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí ìwádìí

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí AREDS tẹ̀lé ènìyàn 4,753 tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 55 sí 81. Àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2004 fi hàn pé ewu ikú fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga láàárín àwọn tí ìbàjẹ́ àárín awọ ẹ̀yìn ojú wọn ti le.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀

Àrùn wọ̀nyí fúnra wọn kì í sábà pa ènìyàn. Àtọ̀gbẹ àti sìgá mímu, tí ó ń ba ojú jẹ́, ń ba ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Bákan náà, ẹni tí kò ríran lè ṣubú kí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, ó lè ṣi oògùn lò, ó sì lè di ẹni tí ó ń dá jókòó pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ní Nàìjíríà àti Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ìwádìí gbogbogbòò tí a ṣe ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ti pé ọmọ ogójì ọdún sókè ni ó fọ́jú. Kataráàtì ni ó ṣáájú nínú ohun tí ó fà á, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ju ìdá 80 lọ nínú ìfọ́jú náà ṣeé dènà tàbí wò sàn. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED) wà ní ìlú Oǹdó. Iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran tí kataráàtì gbà padà, ṣùgbọ́n èyí tí gilokóòmà bá gbà kì í padà mọ́. Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ní kùtùkùtù ni ó lè dáàbò bo èyí tí ó kù. Nítorí náà, kò yẹ kí a ka ojú tí ó ń ṣú sí ọ̀ràn ogbó lásán.