Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé Aláwọ̀ Ewé

Ẹ gbé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ní nuclear power jẹ́ green energy fún ògbufọ̀ tí kò ráyè ronú, ohun tó máa kó fún yín ni "agbára ọ̀gbálẹ̀gbáràwé aláwọ̀ ewé". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ràwé ni ewé gbígbẹ tó já sílẹ̀. Ohun tó gbá ilẹ̀, tó tún gbá ràwé, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù lẹ́yìn. Òun náà la wá kùn ní àwọ̀ ewé yìí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń bá ara wọn jà kí olùkà tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Inú máa ń bí mi sí irú èyí, nítorí ìbéèrè gidi ló wà ńlẹ̀: ṣé iná yìí ṣe é gbára lé, àbí kò ṣe é gbára lé? Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kọ́ ni láti dáhùn kí ènìyàn tó béèrè.

N kò bá ọ̀gbálẹ̀gbáràwé jà o. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dénú. Fún bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima àti Nagasaki lóṣù kẹjọ ọdún 1945, n kò rí orúkọ tó bá a mu jù ú lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun ìjà ni. Ẹni tó bá fi pe ilé iṣẹ́ amúnáwá ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Koeberg, lẹ́bàá Cape Town, ti ń fún ilẹ̀ South Africa níná láti ọdún 1984, kò sì tíì gbá ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Núkílíà ni kí a máa pè é. Àyálò ni, etí ti mọ̀ ọ́n. Átọ́ọ̀mù ńkọ́? Kó máa lọ. Tọ́báìnì? Kó máa lọ. Yuréníọ́mù kò tilẹ̀ yẹ kó dá wa dúró: Klaproth, ará Jámánì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1789, ara Uranus tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú ọ̀run ló sì ti yọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì gbà á bẹ́ẹ̀, Faransé gbà á bẹ́ẹ̀. Ta ni àwa tí a fẹ́ tún un sọ lórúkọ?

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú núkílíà yìí. Nux ni àwọn ará Látìn ń pe èso eléèpo líle. Inú rẹ̀ ni nucleus ti jáde. Nígbà tí Rutherford fi hàn ní 1911 pé ìwọ̀n átọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ kó jọ tán sí ojú kan ṣoṣo láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ oko yìí náà ni sáyẹ́ǹsì wá fi pè é. Oko tiwa kò sì ṣófo. Kóró ń bẹ, hóró ń bẹ. Àwọn kan ń lò wọ́n bákan náà, ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ ìyàtọ̀. Hóró iyọ̀, hóró ìrẹsì: ohun kékeré tó dá dúró. Kóró àgbálùmọ̀, kóró ọsàn: ohun tó wà nínú ohun mìíràn. Nucleus kò dá dúró. Kóró ni.

Pípín tí kóró yìí ń pín ni wọ́n ń pè ní fission. Otto Frisch ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1939, nígbà tí òun àti àǹtí rẹ̀, Lise Meitner, ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yuréníọ́mù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ohun abẹ̀mí fi ń pe pípín sẹ́ẹ̀lì ló lọ yá. Àwa ńkọ́? Pípa là ń pa èkùrọ́, nítorí náà ìpakóró ló kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Ẹ pè é sókè: ìpakóró, apakóró. Kí ẹ tó mí, ẹ ti dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta apakòkòrò. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú fọ́. Ohun tó fọ́ ti di àfọ́kù, ó ti di wẹ́wẹ́, ta ní fẹ́ kà á? Kóró yuréníọ́mù ní tirẹ̀ a máa di ńlá méjì, pẹ̀lú àwọn nútírọ́ọ̀nù díẹ̀ tó ń fò jáde lọ kan kóró mìíràn. Là ló mọ iṣẹ́ yìí. Igi ìdáná ni à ń là, ohun tí a là a sì máa ní apá méjì tó ṣe é fọwọ́ mú. Ì, là, kóró: ìlàkóró. Ẹnìkan lè ní etí òun gbọ́ ìlà, èyí tí à ń fà sórí ìwé. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìlàjà ń bẹ nínú èdè yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìlàjú ń bẹ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìlàjà tó lọ gbé rúlà. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti mú àbọ̀ rẹ̀ dání, ó bọ́ lọ́wọ́ iyèméjì.

Ìtàǹṣán, ìyẹn radiation, kò ní wàhálà, bí a kò bá ti so olóró mọ́ ọn nídìí. Òótọ́ ni pé oró wà nínú rẹ̀ bó bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàǹṣán ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn. Aláìsàn wo ló fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ohun olóró kan òun lára? Onítàǹṣán tó. Half-life ńkọ́? Bí wọ́n bá pè é ní "ìdajì ẹ̀mí", ẹni tó ń pọ̀kàkà ikú ló ń wá síni lọ́kàn. Ìgbà ìdajì, àsìkò tí ìdajì átọ́ọ̀mù onítàǹṣán fi ń yí padà: 30 ọdún fún sísíọ́mù-137 tó tú jáde ní Chernobyl ní 1986. Ó parí.

Eérú ni kò parí. Kí ni à bá máa pe ohun tó kù nínú ọ̀pá yuréníọ́mù tí a ti lò tán? Pàǹtí ni ohun tí à ń gbá lọ sí ààtàn. Ìdọ̀tí sì ni ohun tí ẹni tó ni ín ti pa tì: láti ìgbà tí àṣírí ti tú ní 1988 pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókó, a mọ bí ẹni tó ni ín ṣe ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Eérú ni mo mú. Ó máa ń gbóná nísàlẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ ti tutù. A tún máa ń rí nǹkan yọ nínú rẹ̀, bí ọlọ́ṣẹ dúdú ṣe ń lo eérú èèpo kòkó. Àwọn ará Faransé ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní La Hague, wọ́n ń yọ pulutóníọ́mù jáde nínú tiwọn. Ẹnìkan lè ní kò síná nínú rìàkítọ̀, ibi tí ìlàkóró ti ń ṣẹlẹ̀, eérú báwo? Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń sọ pé yuréníọ́mù ń jó. Eérú sì gbé òwe rẹ̀ dání wá: ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Àwọn ará Finland tó gbẹ́ ibi tí wọn yóò sin tiwọn sí nínú àpáta Olkiluoto, ó lé ní 400 mítà nísàlẹ̀, pè é ní Onkalo. Ihò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọn kò sá lọ bá Látìn.

Àwọ̀ ewé wá dà? Dúdú, funfun, pupa ni ojú àwọn baba wa kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀; ewé tó yè dáadáa, dúdú là ń pè é. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wá nígbà tó ní green, tútù ló sún mọ́ ọn jù: ewé tútù, omi tútù, ìlú tó tutù. Agbára tútù! Ó wù mí débi pé mo ti ń kọ ọ́ káàkiri. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, òkun ya wọ ilé iṣẹ́ núkílíà Fukushima ní Japan, ó bo ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n fi pamọ́ de ìṣòro, kò sí ohun tí yóò fa omi sórí yuréníọ́mù tí ìlàkóró rẹ̀ ti dáwọ́ dúró ṣùgbọ́n tó ṣì ń gbóná, ó sì yọ́ nínú rìàkítọ̀ mẹ́ta. Agbára tó ní kí a máa fomi tu òun lójú lójoojúmọ́ kò lè jẹ́ orúkọ yẹn.

Mo wá rí i pé àwọ̀ kan ni wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2022, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ka núkílíà mọ́ ohun aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ka gáàsì mọ́ ọn. Gáàsì kẹ̀! Ìṣirò IPCC, àjọ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ní 2014 ni pé iná núkílíà, láti ìwakùsà títí dé òpin, ń mú nǹkan bí gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì wá fún kílówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan, gáàsì 490, èédú 820. Ẹ sọ pé aláìléèéfín: núkílíà wọlé, gáàsì dúró síta. Ẹ sọ pé aláìtán: oòrùn àti afẹ́fẹ́ wọlé, núkílíà náà jáde, nítorí inú ilẹ̀ là ń wa yuréníọ́mù. Jámánì, tó pa rìàkítọ̀ mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, àti Faransé, tí púpọ̀ jù nínú iná rẹ̀ ti ara núkílíà wá, ọ̀rọ̀ green kan náà ni wọ́n ti fi bú ara wọn. Aláìléèéfín ni tèmi, nítorí rìàkítọ̀ fúnra rẹ̀ kì í rú èéfín. Onímọ̀ kẹ́mísírì yóò ní èéfín ṣe é fojú rí, kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì kò ṣe é rí. Mo gbọ́.

Gẹ̀ẹ́sì tún máa ń pe núkílíà ní safe àti responsible. Safe náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Àì kì í ṣe ọmọdé nínú gírámà wa. Bó bá wọ inú ọ̀rọ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ ni. "Agbára aláìléwu" ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ewu kò sí rárá, kò sì sí iná tó rí bẹ́ẹ̀. Fún tẹ́ráwáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan, jàǹbá àti èéfín èédú ń gba ẹ̀mí bíi 25; ti núkílíà kò ju 0.03 lọ, pẹ̀lú Chernobyl àti Fukushima nínú ìṣirò. Ẹ kọ ọ́ pé ewu rẹ̀ kéré. Kò dùn bíi ti ẹlẹ́nu dídùn, òótọ́ ni ṣá.

Responsible ló kù, ìyẹn kò sì ṣe é túmọ̀. "Agbára olójúṣe" kì í ṣe Yorùbá: iná kò ní ojúṣe, ènìyàn ló ní in. Ní 2022 ilé ẹjọ́ kan ní Tokyo ní kí àwọn ọ̀gá àtijọ́ mẹ́rin ní TEPCO, ilé iṣẹ́ tó ni rìàkítọ̀ Fukushima, san ju tírílíọ́nù yẹ́ẹ̀nì 13 lọ nítorí Fukushima. Ní 2025 ilé ẹjọ́ tó ga ju ìyẹn lọ wọ́gi lé e. Nàìjíríà náà ti bá Rosatom, ilé iṣẹ́ núkílíà ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tọwọ́ bọ̀wé lórí kíkọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà, wọ́n sì ti dárúkọ Geregu ní Kogí àti Itu ní Akwa Ibom fún un. Bí ẹnìkan bá máa túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn Yorùbá Òkun tó wà ní Kogí, yóò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì lè ní "the waste will be managed", kó sì kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èdè wa kò ní irú ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ọ̀rọ̀-ìṣe ní olùwà. "Wọ́n á máa tọ́jú eérú náà" ni yóò kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì kà á ní gbangba ìpàdé, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò na ọwọ́ sókè: àwọn wo?