Aṣọ tí wọ́n fi bo jẹnẹrétọ̀

Òwú yìí á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fà á. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Nígbà tí a sin ìyá màmá mi tán, àwọn àgbà ilé jókòó pín aṣọ wọn. Àlàárì lọ. Sányán lọ. Àwọn léèsì tí wọn ò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ náà lọ. Ó wá ku kíjìpá kan, èyí tí màmá fi ń lọ oko, tí wọ́n ti lẹ̀ níbi mẹ́rin. Àǹtí mi gbé e sókè, wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ eléyìí báyìí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Lọ́sẹ̀ kejì mo rí i lórí jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi bò ó nítorí òjò.

Mi ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò kúkú béèrè fún un.

Ohun tó jẹ́ kí n tún rántí rẹ̀ ni pé ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń wo aṣọ inú músíọ́ọ̀mù Rhode Island School of Design. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni, ní ìlú Providence, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ti gbé àwòrán ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lọ́wọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, dátà yín nìkan lẹ máa ná.

Bí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an dùn ún gbọ́. Ní 1876, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Philadelphia láti fi ṣayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin Rhode Island kówó jọ fún un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, $1,675 ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè fi ṣe orísun omi mímu sínú ọgbà ìgbafẹ́. Helen Metcalf ní rárá, ẹ jẹ́ ká fi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Tirẹ̀ ló borí, ní 1877. (Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tiwa lówó ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Màlúù ni.)

Kí ló wá kan aṣọ níbẹ̀? Ìpínlẹ̀ aláṣọ ni Rhode Island nígbà yẹn. Jesse Metcalf, ọkọ Helen, ní ilé iṣẹ́ tó ń fi irun àgùntàn hun aṣọ. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ àwòrán yíyà, kí aṣọ tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ wọn lè lẹ́wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ aṣọ í ṣe gbọ́dọ̀ rí aṣọ tó dáa. Bí àkójọ náà ṣe ń pọ̀ sí i nìyẹn. Bí ìwé ni aṣọ àtijọ́ rí fún wọn.

Èyí tó gba ojú mi jù ni aṣọ eré Noh, eré orí ìtàgé àwọn ará Japan tó ti lé ní 600 ọdún. Ṣẹ́dà ni, wọ́n fi òwú wúrà hun òmíràn níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré á wọ aṣọ yẹn, òmíràn á fi ìbòjú bojú. Ẹ̀kú egúngún ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ìjòyè ológun ló ń náwó sí eré yìí. Nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1868, ọ̀pọ̀ aṣọ náà di títà.

Lucy Truman Aldrich, ọmọ sẹ́nétọ̀ kan ní Rhode Island, wà lára àwọn tó ń rà á. Obìnrin yìí rìn ná! Ní oṣù karùn-ún 1923, ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Shanghai lọ sí Beijing nígbà táwọn ajínigbé dá a dúró ní Lincheng. (Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, mo mọ̀ pé orí yín ti ń fò.) Wọ́n fi ẹsẹ̀ kó wọn lọ sórí òkè. Ó fi ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àpáta lójú ọ̀nà, wọ́n sì padà bá a mú un. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, ó kó aṣọ tó ti rà kiri fún ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja tàbí kí wọ́n yí i mọ́ páìpù. Iná tó pọ̀ kò gbọ́dọ̀ tàn sí i torí àwọ̀ á ṣí. Bí wọ́n bá fi í han aráyé fún oṣù mélòó kan, ó gbọ́dọ̀ padà sínú òkùnkùn lọ sinmi. Aṣọ tó ń gba ìsinmi! Èmi tí mò ń kọ èyí ò gba ìsinmi láti January.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí òwe yẹn: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo wá bi ara mi léèrè pé, àkísà Rhode Island dà?

Torí owó tó ra ṣẹ́dà yìí níbi tó ti wá. Ní 1790, ní Pawtucket lẹ́gbẹ̀ẹ́ Providence, Samuel Slater, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti há ẹ̀rọ ìrànwú ilẹ̀ wọn sórí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára omi ran òwú. Moses Brown ló fowó tì í lẹ́yìn. Moses yìí ti dá ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1773, ó sì ń bá òwò ẹrú jà, nígbà tí John ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣòwò náà. Àmọ́ ta ló ń gbin òwú tí ẹ̀rọ Moses ń ran? Ẹrú ni.

Ó tún kù. Ní Peace Dale, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ìdílé Hazard ń hun aṣọ kan tó nípọn, tó rí gbàkàgbàkà, òwú pẹ̀lú irun àgùntàn. Orúkọ rẹ̀ lọ́jà ni "negro cloth", aṣọ ẹrú dúdú. Àwọn olóko Gúúsù ló ń rà á. Orúkọ náà ti pẹ́: òfin South Carolina ti 1740 to irú aṣọ tí ẹrú lè wọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ dárúkọ. Òwú tí ẹrú já gòkè lọ sí Àríwá, ó di aṣọ, aṣọ náà padà sọ̀ kalẹ̀ wá bo ẹ̀yìn ẹrú.

Mi ò sọ pé Yorùbá ni gbogbo wọn o. Èbúté Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, ni ọkọ̀ ẹrú Rhode Island sábà máa ń lọ.

Báwo ni aṣọ ẹrú ṣe máa ń rí lára? Booker T. Washington, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia, sọ ọ́ nínú Up from Slavery, ìwé tó kọ ní 1901. Ẹ̀wù tiẹ̀ jẹ́ ti fláàsì, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Tó bá ṣì tuntun, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún èèyàn ni. John ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gba ẹ̀wù náà, ó bá a wọ̀ ọ́ fọ́jọ́ mélòó kan títí tó fi rọ̀, kó tó dá a padà fún un.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ni kí ara tòun kọ́kọ́ bó ná.

Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní músíọ́ọ̀mù èyíkéyìí. Wọ́n wọ̀ ọ́ gbó, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n gé e fọ́mọ, ó di ìnulẹ̀. Láyé ìgbà yẹn sì rèé, àkísà ni wọ́n fi ń ṣe ìwé. Àwọn oníṣòwò ń rà á kiri. Ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ Hazard wà títí dòní. Wọ́n kọ iye yáàdì síbẹ̀, wọ́n kọ iye owó.

Lánàá, mo lọ ká kíjìpá màmá kúrò lórí jẹnẹrétọ̀. Ó ń rùn fún bẹntiróò, ọ́ìlì sì ti ta sí igun kan. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́, mo wá rí i pé òwú tí màmá fi lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe àwọ̀ kan náà: méjì dúdú, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Mo ṣẹ́ ẹ pọ̀ bẹ́ẹ̀, mo gbé e sínú àpótí mi. Àǹtí mi ti pè láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ta ló gbé aṣọ jẹ́n.