Etí òrùlé

etí òrùlé, àpólà orúkọ. 1. Ìpẹ̀kun òrùlé, níbi tí omi òjò ti ń bọ́ sílẹ̀. 2. Apá òrùlé tí ó yọ síta kọjá ògiri ilé. Ẹ tún wo: *ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtíbàbà, ààlà*.

Ìlò. Etí tí ó wà níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ràn. Òun ni ó wà nínú *etí odò*, *etí òkun* àti *etí aṣọ*: ibi tí nǹkan parí sí. Ìtumọ̀ kìíní ni ó ti inú èyí wá tààrà. Ìtumọ̀ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún lé ni, ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e ni yóò sì sọ èyí tí a ń lò. Bí òǹsọ̀rọ̀ bá ní etí òrùlé *gùn*, ó *kúrú*, tàbí ó *yọ*, apá tí ó jáde kọjá ògiri ni ó ní lọ́kàn. Bí ó bá ní ó *jẹrà*, ó *ká*, tàbí ó *ya*, ìpẹ̀kun páànù tàbí pákó ni.

*Etí òrùlé náà kúrú, òjò sì ń fẹ́ wọ yàrá.* (ìtumọ̀ 2)
*Etí òrùlé ti jẹrà lápá ibi tí ẹyẹ ń sùn sí.* (ìtumọ̀ 1)

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí apá yìí pọ̀ sí i yóò *fa etí òrùlé gùn*, tàbí kí ó *mú un yọ síta sí i*. Kí atúmọ̀ má ṣe kọ *mú òrùlé gbòòrò*, nítorí ohun tí ònkàwé yóò gbọ́ ni pé gbogbo ilé ni a fẹ́ fẹ̀.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀. Yorùbá fún omi tí ó ń bọ́ láti etí òrùlé ní orúkọ tirẹ̀, *ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀*. Ó fún àyè tí ó wà lábẹ́ apá tí ó yọ, bí àyè náà bá tó jókòó, ní orúkọ mìíràn, *ọ̀dẹ̀dẹ̀*. Apá tí ó yọ gan-an ni kò ní orúkọ àdáni. Èyí kì í ṣe àìtó èdè. Ohun tí òrùlé ń ṣe fún ènìyàn, tàbí tí ó ń ṣe sí i, ni èdè sọ lórúkọ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn pé Aláàfin Aganjú fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún iwájú àti ẹ̀yìn ààfin, pẹ̀lú ọ̀wọ́ òpó idẹ. Lójú ọ̀mọ̀lé, òrùlé ni ọba náà fà síta. Lójú onítàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó kọ́. Méjèèjì tọ̀nà.

*Àtíbàbà* yàtọ̀. Òun ní òpó tirẹ̀ nílẹ̀, a sì lè tú u kí ilé má mì. Etí òrùlé gbára lé igi tí ó ti inú ilé jáde wá. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ nìkan: nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá dé, abẹ́ etí òrùlé ni atẹ́gùn ń kó sí láti gbé páànù sókè, bí etí bá sì ṣe gùn tó ni agbára atẹ́gùn ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀lé fi ń sọ pé bí igi bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ó kéré tán kí ẹsẹ̀ bàtà 4 rẹ̀ wà nínú ilé. Bí a bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ri òpó. Láti ìgbà tí a bá sì ti ri òpó, ẹnu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí *ọ̀dẹ̀dẹ̀*.

Nípa oòrùn, *ìbòòji* ni ọ̀rọ̀ tí a nílò. Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà ìdajì ayé. Ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Kejìlá, etí òrùlé tí ó yọ ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí gúúsù yóò da ìbòòji bo nǹkan bí mítà 1 lára ògiri. Ní oṣù Kẹfà, lápá àríwá, yóò bo mítà 2. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò kọ ibi etí òrùlé sí, nítorí ìsàlẹ̀ ni ó ti ń wọlé.

Lórí ìlú Abẹ́òkúta. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti le jù ni ààlà ilé. Láti 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ Òkúta Olúmọ, ìlú-ìlú ni wọ́n kó jọ, ti Aké, Ìtòkò, Kémta, Ìjẹmọ̀ àti àwọn yòókù, ilé sì sún mọ́ ilé láàárín àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilé tí ó wà lókè ń da omi sí ìdí ilé tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ògiri ìsàlẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lè wú u láti ìdí láàárín àsìkò òjò mélòó kan. Nítorí náà, ìjà tí ó bá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnìkan fa etí òrùlé rẹ̀ gùn kì í sábà jẹ́ lórí páànù.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí, bí a ṣe lè bá wọn pàdé nínú ìwé àdéhùn láàárín ìdílé méjì:

*Etí òrùlé kò gbọdọ̀ kọjá ààlà.*
*Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ ẹnìkejì.*

Atúmọ̀ tí ó bá sọ wọ́n di ọ̀kan ti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Omi tí ó ń sáré lórí páànù dídagẹ̀rẹ̀ kì í bọ́ sí ìsàlẹ̀ etí gẹ́lẹ́. Ó ń fò síwájú, atẹ́gùn a sì tún máa tì í. Páànù lè dúró sínú ààlà kí omi rẹ̀ máa gbẹ́ ilẹ̀ aládùúgbò. Bákan náà ni etí lè kọjá ààlà lókè, kí a sì ti fi páànù kọrọdọ gbe omi rẹ̀ padà. Òfin Róòmù àtijọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí: ó ka ẹ̀tọ́ àtida omi òrùlé sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, èyí tí wọ́n pè ní stillicidium, sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ àtimú òrùlé yọ sórí ilẹ̀ rẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì, kò sì sí ìdí tí atúmọ̀ fi gbọdọ̀ fi *òrùlé* nìkan dí i.

Àṣìlò. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kì í *jò*. Òrùlé tí ó lu ni ó ń *jò*, sínú ilé; ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń *kán* tàbí kí ó *dà*, síta. *Òrùlé yín ń jò* sì jẹ́ àbùkù ilé, nígbà tí *ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ yín ń dà sọ́dọ̀ wa* jẹ́ ẹjọ́.

Páànù kọrọdọ tí ń gbe omi létí òrùlé kò ṣeé pè ní *gọ́tà* láìṣe àlàyé, nítorí kòtò omi ẹ̀gbẹ́ títì ni ònkàwé yóò rò. *Ọ̀nà omi etí òrùlé* yé ni jù.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà eavesdrop wá láti orúkọ ilẹ̀ tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, níbi tí ẹni tí ó ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́ máa ń dúró sí lẹ́bàá ògiri. Yorùbá kò gba ibẹ̀ kọjá. *Yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀* ni kí a kọ. Ẹni tí ó dúró lábẹ́ etí òrùlé ní Ìtòkò lè jẹ́ pé òjò ló ń yà fún.