Ìtàn Sáfà Máàpù àti Àwọn Àfikún Rẹ̀: Níbo Ni Àbùkù Ń Fara Pamọ́ Sí?

Kí ọdún 1993 tó dé, ẹni tí ó bá fẹ́ wo máàpù nínú kọ̀ǹpútà ní láti ní máàpù náà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ni ó ń yà á, òun náà ni ó sì ń wò ó. Bí ìlà odò kan bá ṣì lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rí i, òun náà ni yóò tún un ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Steve Putz, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Xerox PARC ní ìlú Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California, gbé ètò kan jáde tí ó yí èyí padà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè tẹ ibi kan lórí àwòrán ayé. Ìbéèrè rẹ̀ yóò lọ sí Palo Alto, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ yóò ya máàpù tuntun, yóò sì fi ránṣẹ́ padà sí i. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí ń jókòó de ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sáfà.

Ìtàn wíwá àbùkù nínú sáfà máàpù bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà yẹn gan-an, nítorí pé láti ìgbà yẹn ni ẹni tí ń wo máàpù àti ẹni tí ń yà á ti pínyà. Ẹni tí ń wò ó ni ó ń rí ìbàjẹ́. Ohun tí ó fa ìbàjẹ́ náà sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, ètò mìíràn tí ń jẹ́ MapServer bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota. Iṣẹ́ àbójútó igbó ni ó bí i. Yunifásítì náà, àjọ NASA àti ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ Minnesota tí ń rí sí ohun àdáyébá ni wọ́n pawọ́ pọ̀ lórí rẹ̀, Steve Lime sì ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù lọ. Gbogbo ohun tí ètò yìí nílò láti mọ̀ ni a kọ sínú ìwé kan ṣoṣo tí ń jẹ́ mapfile: ibi tí ìsọfúnni wà, àwọ̀ tí a ó fi kun odò, àwọ̀ tí a ó fi kun ọ̀nà. Bí ìbéèrè bá dé, ètò náà yóò jí, yóò ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò ya máàpù, yóò sì kú. Bí ìbéèrè kejì bá dé, òmíràn ni yóò jí. Ìwà yìí ní àǹfààní, nítorí pé àìsàn ìbéèrè òwúrọ̀ kì í ran ìbéèrè ọ̀sán. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó bá dé lẹ́yìn tí ètò náà ti kú kò ní bá ẹni tí yóò bi léèrè, àfi ohun tí ètò náà bá kọ sílẹ̀ kí ó tó lọ. Ọdún 2007 ni ẹ̀dà 5.0 tún ìlànà àkọsílẹ̀ yìí ṣe dáadáa: láti ìpele 0, níbi tí kìkì àṣìṣe ni ètò náà ń kọ, dé ìpele 5, níbi tí ó ti ń ròyìn ara rẹ̀ fínnífínní.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni òfin kan ti dé tí ó kan gbogbo sáfà. Àwọn ilé-iṣẹ́, yunifásítì àti ẹ̀ka ìjọba dá ẹgbẹ́ Open GIS Consortium sílẹ̀ ní 1994, ẹgbẹ́ yìí sì gbé ìlànà Web Map Service, tí a gé kúrú sí WMS, jáde ní ọdún 2000, kí sáfà tí ẹni kan kọ́ lè gbọ́ èdè ètò tí ẹlòmíràn kọ́. Ìlànà náà fi ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ tí sáfà lè gbà sọ pé iṣẹ́ kò ṣeé ṣe. Ó lè fi ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà lè kà ránṣẹ́. Ó lè kọ àṣìṣe náà sí ojú àwòrán. Ọ̀nà kẹta, tí a ń pè ní BLANK, ni kí ó fi àwòrán òfìfo ránṣẹ́, kí ó má sì sọ nǹkan kan.

Àwọn tí ó ṣe òfin yìí ní ìdí tiwọn. Máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ àwòrán bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tò lé ara wọn, sáfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì lè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ àṣìṣe rẹ̀ gàdàgbà sí ojú àwòrán, yóò ba ti àwọn yòókù jẹ́. Ìdí náà kò burú, ṣùgbọ́n owó tí a san lé e lórí pọ̀. Àwọn àgbà ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Sáfà tí ó fi òfìfo dáhùn kò mọ ẹjọ́ lẹ́bi, kò sì mọ̀ ọ́n láre. Ẹni tí ń wò ó kò lè mọ̀ bóyá kò sí ilé kankan ní agbègbè náà ni, tàbí sáfà kò rí ìwé tí ilé wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tí ó gbọ́n fi máa ń kọ́kọ́ yọ ìbéèrè náà kúrò nínú ètò tí ń fi máàpù hàn, tí yóò fi òun nìkan ránṣẹ́ sí sáfà, tí yóò sì pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ ni òun fẹ́, kì í ṣe àwòrán.

Òfìfo mìíràn wà tí kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ sáfà ni ó fà á. Ní 2004, ẹ̀dà 1.3.0 ìlànà WMS dé. Títí di ìgbà náà, bí a bá ń dárúkọ ibi kan fún sáfà, ìlà òòró ni a ń kọ́kọ́ sọ, ìlà ìbú ni ó ń tẹ̀lé e. Ẹ̀dà tuntun ní kí a máa tẹ̀lé ètò tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ EPSG, níbi tí ìlànà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4326, tí ó wọ́pọ̀ gidigidi, ti fi ìlà ìbú ṣíwájú. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe sí ìlú Ìbàdàn, tí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.4 ní àríwá àti 3.9 ní ìlà-oòrùn. Bí àfikún kan tí a kọ ní ìgbà ẹ̀dà àtijọ́ bá bá sáfà tuntun sọ̀rọ̀ láìyí ètò rẹ̀ padà, ibi tí sáfà yóò yà ni 3.9 ní àríwá àti 7.4 ní ìlà-oòrùn, èyíinì ni ojú òkun ní gúúsù Bonny. Kò sí àṣìṣe tí yóò hàn nínú àkọsílẹ̀. Òkun ni a béèrè, òkun ni sáfà sì yà.

Tokyo kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà òòró rẹ̀ lé ní 139, kò sì sí ìlà ìbú tí ó ju 90 lọ. Bí a bá gbé e sí ipò ìlà ìbú, irọ́ náà yóò hàn kedere. Àwọn ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ibi tí ìlà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀ Yorùbá, Benin àti Togo, ni àṣìṣe yìí ti ń rí ibi lúgọ sí, nítorí pé nọ́ńbà wọn kéré, bí a sì ti wù kí a yí wọn padà, wọ́n ṣì jẹ́ ibì kan láyé.

Kí wá ni àfikún? Kò sí sáfà tí ó mọ gbogbo ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń fẹ́. Ilé-iṣẹ́ omi fẹ́ kí máàpù sọ àwọn ilé tí omi yóò dá ní bí òun bá ti ẹnu páìpù kan. Kò sí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú sáfà bí ó ti jáde lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni yóò kọ ọ́, tí yóò sì so ó mọ́ sáfà bí ẹni tí ó so yàrá mọ́ ilé onílé. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá bàjẹ́, onílé yóò ní yàrá ni, oníyàrá yóò ní ilé ni.

Àpẹẹrẹ èyí tí ó lókìkí jù ni ti ilé-iṣẹ́ Esri, tí Jack àti Laura Dangermond dá sílẹ̀ ní Redlands ní California ní 1969, tí ó sì gbé ArcGIS Server jáde ní 2004. Iṣẹ́ máàpù inú rẹ̀ ń rìn nínú ètò kan tí ń jẹ́ ArcSOC.exe, púpọ̀ irú rẹ̀ sì lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n jọra bí ìbejì. Oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ wo inú àfikún rẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní láti so ètò ìṣàyẹ̀wò mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìbéèrè tí ó fi ránṣẹ́ lè gba ọ̀dọ̀ òmíràn kọjá. Yóò dúró títí, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì rò pé àfikún òun kò gbọ́ ìpè. Ìdí nìyí tí a fi ń dín wọn kù sí ẹyọ kan ṣoṣo kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wá rí i mú, tí ó dá a dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò, aago sáfà kò ní tìtorí èyí dúró: 600 ìṣẹ́jú-àáyá ni a fi sílẹ̀ fún ìbéèrè kan bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Bí ó bá pé, sáfà yóò gbà pé òṣìṣẹ́ òun ti dákú, yóò sì pa á mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń pa àfikún jù ni kí onílé tún ilé rẹ̀ kọ́. Ẹ̀dà 10.1 ti ọdún 2012 sọ sáfà náà di ti bíìtì 64, ó sì ní kí a tún àwọn àfikún àtijọ́ ṣe kí wọ́n tó lè wọlé. Nígbà tí 11.0 dé ní 2022, a yọ ìpìlẹ̀ ArcMap tí ọ̀pọ̀ àfikún dúró lé kúrò pátápátá, èyí sì túmọ̀ sí àtúnkọ. Ibi púpọ̀ ni ẹni tí ó kọ ti àkọ́kọ́ ti lè fẹ̀yìn tì.

GeoServer ni àpẹẹrẹ kejì. Àjọ The Open Planning Project ní New York ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001, kí ará ìlú lè rí ohun tí ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ wọn ṣe, kí wọ́n sì lóhùn sí i. Èdè Java ni a fi kọ ọ́. Àfikún rẹ̀ kì í ju fáìlì jar bí mélòó kan tí a kó sínú àpò kan lọ, nọ́ńbà ẹ̀dà wọn sì gbọ́dọ̀ bá ti GeoServer fúnra rẹ̀ mu. Bí wọn kò bá bára mu, gbogbo sáfà lè kọ̀ láti jí, kì í ṣe àfikún nìkan.

Ọ̀kan nínú àwọn àfikún wọ̀nyí wà fún ìsọfúnni tí ó díjú, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ ń lò. Láti rí ohun tí ó wà nínú irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀, ó ń lo èdè ìtọ́ka XPath. Fún ìsọfúnni dídíjú nìkan ni ìlànà náà wà, ṣùgbọ́n nítorí àṣìṣe kan nínú GeoTools, ìyẹn àkójọ kóòdù tí GeoServer dúró lé, ó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìsọfúnni ní gbogbo sáfà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí lanu. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan lè fi àṣẹ pamọ́ sínú ìbéèrè máàpù lásán, sáfà yóò sì ṣe é. Nígbà tí a kéde rẹ̀ ní àárín ọdún 2024 pẹ̀lú nọ́ńbà CVE-2024-36401, 9.8 nínú 10 ni a fi wọn ewu rẹ̀.

A gbé àtúnṣe jáde nínú ẹ̀dà 2.23.6, 2.24.4 àti 2.25.2. Fún ẹni tí kò lè yí ẹ̀dà padà kíákíá, ìmọ̀ràn mìíràn wà: kí ó yọ fáìlì kan ṣoṣo tí ń jẹ́ gt-complex kúrò. Àwọn tí ó fúnni ní ìmọ̀ràn náà kò fi ìyókù pamọ́. Bí àfikún kan bá gbára lé fáìlì yìí, sáfà lè má lè dìde mọ́. Ẹni tí kò mọ ohun tí àfikún rẹ̀ gbára lé kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ni òun ń tì tàbí òrùlé ni òun ń ṣí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, CISA, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba Amẹ́ríkà, ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ kan tí kò dárúkọ. Ní 11 oṣù keje 2024, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìkéde àbùkù náà, àwọn olè gba inú GeoServer kan wọlé. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti wọ GeoServer kejì, wọ́n sì ti dé ibi ìpamọ́ ìsọfúnni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ní 15 oṣù keje, ètò ìṣọ́ tí ó wà lórí sáfà àkọ́kọ́ ti kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ pé òun rí irinṣẹ́ àjèjì. Kò sí ẹni tí ó kà á.